Kó o tó kọ iṣẹ́ sórí fọ́ọ̀mù

Lágéré,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Àkànní, ọmọ ìyá mi,

Ooru Màídúgùrí yẹn ńkọ́, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀? Àwa wà níbí, a ń dúpẹ́. Màmá ní kí n kí ọ. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ti ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí Ọjà Tuntun. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn kò fi orúkọ rẹ sílẹ̀ rí nínú àdúrà ìdájí láti ọjọ́ tó o ti wọ bàtà ṣójà. Ìyá Títí kí ọ. Títí fúnra rẹ̀ ti di àgùnbánirọ̀, Kwárà ni wọ́n gbé e lọ, ó sì ní kí n rán bàbá kékeré létí pé wọ́n ṣèlérí fóònù kan fún òun.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó o pè mí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ délẹ̀ gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ohun tí mo rí gbọ́ ni pé wọ́n ti fún ọ ní fọ́ọ̀mù, pé Òṣòdì kàn ọ́ lóṣù Kẹrin, pé o gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ tó o fẹ́ kọ́ sórí rẹ̀, àti pé adìẹ sísìn lò ń rò, tàbí kó o kúkú lọ ṣe síkiọ́rítì. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú ọ̀kan." Mo pè ọ́ padà títí, kò wọlé. Ni mo bá ní kí n jókòó kọ ọ́ sínú ìwé, kí n fi rán ọ̀rẹ́ rẹ tó gbàyè wálé, tó ń padà sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ sílé, iná ti lọ, àtùpà kékeré kan ni mo gbé sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ọ̀rọ̀ náà gùn, fara balẹ̀ kà á.

N kò ní bá ọ mú ọ̀kan. Màá sọ bí èmi ṣe mú tèmi fún ọ. Nígbà tí mo ń ti ibi iṣẹ́ ogun bọ̀, ìwọ kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ nínú ẹ̀, ohun tó dùn létí nìkan ni mo sì jẹ́ kó o gbọ́.

Ibùdó Òṣòdì tí à ń pè ní NAFRC yẹn, níbi tí ológun tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ti ń kọ́ṣẹ́, ti pẹ́. Tìtorí àwọn bàbá wa tó ti Bọ́má dé lẹ́yìn ogun Hitler ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mú dání. Nígbà tó kàn mí lọ́dún 2008, oṣù mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n tò síwájú wa pọ̀: aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe, iṣẹ́ ajórinmọ́rin, iṣẹ́ iná, búrẹ́dì, ẹja sísìn, adìẹ sísìn, kọ̀ǹpútà. Àwọn olùkọ́ wa mọṣẹ́, wọ́n sì ní sùúrù. Èmi ni ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Adìẹ ni mo mú, nítorí ẹni tó jókòó ṣáájú mi mú adìẹ, ẹni tó jókòó tẹ̀lé mi náà mú adìẹ.

Ọbásanjọ́ ló wà lójú gbogbo wa. Ọkùnrin tó gbé ìjọba lé Shagari lọ́wọ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 1979, tó bọ́ aṣọ ogun, tó gba Ọ̀tà lọ, tó sì sọ oko di ńlá. Nítòsí wa níbí, ọmọ Yákòóyó, Ọ̀gágun Alani Akinrinade, tó ti ṣe olórí gbogbo ológun Nàìjíríà, òun náà kọjú sí iṣẹ́ ọ̀gbìn nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìjọba Babangida sì tún fi í ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn. Àwa jókòó sínú kíláàsì, a ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. A kò rántí pé ọ̀gágun ni wọ́n. Báǹkì mọ orúkọ wọn, tí wọ́n bá kan ìlẹ̀kùn, ẹni tó wà nínú ilé á dìde. Sájẹ́ǹtì ni èmi. Ilẹ̀ tí mo ní kò ju iyàrá méjì tí Bàbá fi sílẹ̀ ní Ìlódè lọ.

Nígbà tí owó gíràtúítì wọlé, n kò sin adìẹ kan ṣoṣo. Kò pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo fi ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Mo ní ṣebí dẹ́rẹ́bà ni mo jẹ́ nínú iṣẹ́ ogun, ṣebí mọ́tò ni mo mọ̀. Àkànní, mo mọ mọ́tò wà, n kò mọ òwò mọ́tò. Èyí tí mo wà fún ọdún mọ́kànlélógún, epo ìjọba ló ń mu, táyà ìjọba ló fi ń rìn, tó bá bàjẹ́, mẹkáníìkì tí ìjọba ń sanwó fún ló ń yọjú sí i. Ohun tí mọ́tò ń jẹ kò kàn mí rí, àfìgbà tó di tèmi. Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ló ń ná. Lóṣù kẹrin, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú sí Aṣéjìrẹ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láàárọ̀ ọjọ́ náà, èrò ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń béèrè owó wọn, mo sì ń wo ọdún mọ́kànlélógún mi tó jókòó sórí táyà mẹ́rin, tí kò lè lọ síwájú, tí kò lè padà sẹ́yìn. Mo tà á fún àwọn tó ń tú mọ́tò tà. Ìwọ ni mo sọ fún nígbà yẹn pé mo ti tà á ní èrè. Jọ̀wọ́, foríjì mí.

Lẹ́yìn èyí ni mo jókòó sílé. Ìjókòó yẹn le ju ogun Monrovia lọ. Ní Monrovia, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe tílẹ̀ bá mọ́. Ní Ìlódè, aago márùn-ún ìdájí á lù, màá ti wà lórí ìdúró, màá jí àwọn ọmọ, màá ní kí wọ́n tò, kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó nà pẹrẹsẹ. Tí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́, ohùn mi á gba gbogbo agboolé. Ṣòkòtò ṣójà ni mo fi ń lọ ra àkàrà. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Títí gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú mi, wọn kò jókòó. Wọ́n ní, "Bàbá Títí, ẹ jọ̀ọ́, àwa kọ́ ni rìkúrúùtù." Wọn kò pariwo. Wọ́n padà sí kíṣìnnì, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń fọ abọ́ kan náà títí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan láti Jọ́ọ̀sì yà kí mi, tó ní kí n mú òun lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ìwọ náà mọ ìtàn rẹ̀, inú rẹ̀ la bí wa sí. Akọni tó ti wọlẹ̀ lọ sinmi, tó ní tí ogun bá dé kí wọ́n pe òun. Wọ́n wá pè é lọ́jọ́ tí kò sí ogun. Ó dìde pẹ̀lú idà, ó ń ṣá a lọ, nígbà tójú rẹ̀ yóò fi walẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ti pa. Bí ẹni tó ń mú wa kiri ṣe ń sọ ọ́ fún àlejò mi, mo rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ọjọ́ yẹn ló tó kàn mí. Ọkùnrin tó kúrò lójú ogun tí kò gbé idà sílẹ̀, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ló máa ṣá.

Nítorí náà, tó o bá ní síkiọ́rítì lò ń rò, n kò sọ pé iṣẹ́ burúkú ni. Àwọn tí a jọ wà ní Líbéríà wà lẹ́nu géètì báǹkì káàkiri ìlú yìí, wọ́n ń fi bọ́ ọmọ wọn, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Àwọn míì wọ Àmọ̀tẹ́kùn láti ìgbà tí àwọn gómìnà wa ti dá a sílẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣù Kìíní ọdún 2020, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa igbó ń gba ẹ̀mí àwọn àgbẹ̀ là. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, ṣé iṣẹ́ náà lo fẹ́, àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ láti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù? O ti wà lórí ẹ̀ṣọ́ fún ogún ọdún ó lé. Ìgbà wo lo fẹ́ sùn?

Wàyí o, bí mo ṣe di télọ̀.

O rántí pé èmi ni mo máa ń lẹ aṣọ iléèwé rẹ? Nínú iṣẹ́ ogun náà, èmi ni wọ́n ń gbé aṣọ yíya wá bá. Ní Monrovia lọ́dún 1996, òjò ibẹ̀ kì í dá, aṣọ kì í gbẹ, gbogbo ojú rírán ló ń tú. Alaalẹ́ ni wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi: bọ́tìnnì tó já, ìdí ṣòkòtò tó ya, báàjì tí wọ́n fẹ́ kí n gán. Kò sẹ́ni tó pa á láṣẹ fún mi, kò sẹ́ni tó ń sanwó. Inú mi máa ń dùn. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, nígbà tí mo dé Òṣòdì tí wọ́n kọ "aṣọ rírán" síwájú mi, ojú mi fò ó. Mo ní iṣẹ́ wo ni ìyẹn fún akọ ṣójà.

Ìyá Títí ló mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Lágéré níbí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, èmi ti lé lógójì. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé sà. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ lóòótọ́, owó ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀ ń bẹ, ọdún méjì ni, ẹ ó sì máa gbálẹ̀ bíi tàwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù." A jọ fẹnu kò sí i pé òun á máa pè mí ní bàbá, èmi á máa pè é ní ọ̀gá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan kúnlẹ̀ kí mi, ó sì na ìgbálẹ̀ sí mi. Mo gbà á. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn kò tóbi, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí mi kí n tó tẹ̀ ba.

Oṣù kan gbáko, òwú ni mo ń tú. Lẹ́yìn ẹ̀, etí aṣọ ni mo ń ká. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ so apá mọ́ bùbá, mo ti gún gbogbo rẹ̀, mo ti lọ̀ ọ́, mo fà á kalẹ̀ fún ọ̀gá mi. Ó gbé e sókè sí iná, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán náà láti èjìká wálẹ̀, ó dúró síbì kan. "Bàbá, apá yìí ń wo ẹ̀yìn." Ó mú réṣà, ó tú gbogbo rẹ̀ lójú mi, ó dá méjèèjì padà. Mo tún so ó. Ó tún tú u. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó rọ̀. Bí ẹ ṣe ń dúró ni aṣọ yín ń dúró." Òótọ́ ni. Bíi pé mo wà lórí ìlà ni mo ṣe ń rán aṣọ, apá mi gan, ọrùn mi gan, aṣọ náà gan pẹ̀lú mi. Mo mí síta. Apá kẹrin yẹn kò tú mọ́.

Ohun tó le jù kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kan, ìyá kan wá gba ànkárá tí a kò tíì parí, ó ń sọ̀rọ̀ kíkan. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde, mo ti fi ohùn páréèdì sọ pé, "Ẹ dúró síbẹ̀!" Obìnrin náà dúró lóòótọ́. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀gá mi jókòó tì í, ó bẹ̀ ẹ́, ó fún un lómi tútù. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ọ̀gá mi ní, "Bàbá, kì í ṣe ọ̀tá, oníbàárà wa ni. Wọ́n ń pa á láṣẹ fún yín, ẹ̀yin náà ń pa á láṣẹ. Níbí, ẹ̀bẹ̀ la fi ń ṣe é." Ọdún méjì náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo kọ́ ju aṣọ lọ. Lọ́dún 2012, wọ́n ṣe fírídọ́ọ̀mù fún mi, Màmá wá, wọ́n jó. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lára ògiri níbí.

Àwọn ènìyàn wá ń bi mí pé kí ló dé tí ṣọ́ọ̀bù mi fi ń kún. Àkànní, mo ń rán aṣọ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n rán jù mí lọ wà ní Lágéré kan náà. Déètì ni. Ìwọ náà mọ bí télọ̀ ṣe máa ń ṣe níbi gbogbo: wọ́n á ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ní kó o padà wá lọ́la, ọjọ́ ìgbéyàwó á dé, aṣọ á ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Èmi, tí mo bá gba aṣọ, mo ń kọ déètì sára pépà, mo ń gán an mọ́ ọn, ní ọjọ́ tó ṣáájú déètì ni mo ń parí ẹ̀. Àwọn iléèwé gbé yúnífọ́ọ̀mù ọmọ wọn wá nítorí ìyẹn nìkan. Ohun tí wọ́n fi ìyà kọ́ wa ní bárékè ni, mo kàn rò pé kò níye lórí níta ni.

Láìpẹ́ yìí ni mo ka ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùrè-Ilé lọ́nà Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wọṣẹ́ ogun lọ́dún 1942. Ní Bọ́má, ọ̀tá yin ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, àwọn yòókù sì lọ. Òun àti ọmọ Sàró kan ló kù nínú igbó, oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò níbẹ̀, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀ ló ń bọ́ wọn ní bòókẹ́lẹ́. Gbogbo ayé ló ń sọ apá yẹn. Èyí tó dá mi dúró ni ohun tó ṣe nígbà tó délé. Ẹsẹ̀ kò ṣeé fi ro oko mọ́, ó mọ̀wé kó tó di ọmọ ogun, ló bá padà sídìí gègé, ó wọṣẹ́ ìjọba, ó ṣe é títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún 2012 ló kú, ó ti di arúgbó. Ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ sógun ló padà gbé dání.

Kí ló wà lọ́wọ́ tìrẹ? O kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó o fi tú rédíò Bàbá, tí wọ́n nà ọ́, tí rédíò sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Síginá ni wọ́n fi ọ́ sí nínú iṣẹ́ ogun. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rín kún ohùn rẹ, pé ìwọ ni wọ́n ń wá láti àwọn ẹ̀ka míì tí bátìrì sólà wọn bá kú, pé o fi òru kan tún ti ilé ìtọ́jú ṣe kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oògùn tutù má bàa dákẹ́. O kò sọ̀rọ̀ adìẹ fún mi báyẹn rí. Gun òkè díẹ̀ ní Ifẹ̀ báyìí kó o wo orí òrùlé: láti Mayfair dé Parakin, dé gbogbo ọ̀nà Ẹdẹ, dé ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, sólà ni. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọn kò so dáadáa. Ti aládùúgbò wa kan tiẹ̀ ti jó, wáyà tó kéré ni wọ́n lò. Mo ní n kò ní mú un fún ọ, wò ó bí mo ṣe ń mú un. Iṣẹ́ iná ni kó o kọ sórí fọ́ọ̀mù náà, tó o bá kúrò l'Óṣòdì, kó o tún bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣiṣẹ́ fún ọdún kan níbí. Ọ̀kan wà tí mo mọ̀. Ó kéré sí ọ lọ́jọ́ orí. Wàá kí i ní ọ̀gá.

Ní ti owó, má sọ iye rẹ̀ fẹ́nikẹ́ni, títí kan èmi. Tó bá wọlé, gbé e pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, kó o máa fi pẹ́ńṣàn jẹun. Má fi èyí tí kò tíì wọlé ṣèlérí. Ìwọ náà rí àwọn àgbà tó ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìjọba l'Ábújá nítorí ẹ̀tọ́ wọn.

Ọ̀kan kù tí n kò mọ bí màá ṣe kọ ọ́. Tó o bá délé tí oorun kò wá, tàbí tí ariwo bá ń lé ọ dìde, má ṣe bíi tèmi, má pa á mọ́ra. Àwọn dókítà tó ń gbọ́ irú ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì níbí. Èmi fúnra mi lọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ó yẹ kí n ti lọ lóṣù kìíní.

Iyàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo, mo ti ní kí wọ́n kùn ún. Tó bá máa fi di Ọlọ́jọ́, o yẹ kó o ti wà nílé. Ẹtù tí Bàbá fi sílẹ̀ wà nínú àpótí Màmá, wọ́n ti yọ ọ́ fún mi, mo ti sá a sóòrùn. Fi ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́: èjìká, àyà, gígùn apá, ìbàdí, gígùn ṣòkòtò. Má wọn ara rẹ, ní kí ẹlòmíì bá ọ wọ̀n ọ́n. Kó o tó jẹ́ kó na téèpù, jẹ́ kí apá rẹ sọ̀ wálẹ̀, kó o mí síta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdìó.